Bí a ṣe ń fi ìndọ́kṣọ́nì mú apá kan ṣáàfù le láìjẹ́ kó kán

Ìndọ́kṣọ́nì ni kí iná mànàmáná inú kọ́ìlì, ìyẹn òrùka bàbà, mú irin gbóná láìfara kàn án. Kí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ, pọ́n nínú kọ́ìlì kò ṣòro. Kí á tó ka ẹẹ́ta, ara rẹ̀ ti pọ́n, omi ti tú lé e lórí, fáìlì ń yọ̀ lára rẹ̀ láìrí ibi jẹ, oníṣẹ́ ti ń nu ọwọ́. Wàhálà rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ṣáàfù náà á ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀, á wá kán sí méjì. Bí ẹ bá yẹ ojú ibi tó ti kán wò, ẹ ó rí i pé kì í ṣe àárín ibi tó le, kì í sì í ṣe ibi tí iná ò dé rárá. Ààlà àwọn méjèèjì ló ti kán, pàápàá bí ààlà náà bá bọ́ sí ìdí èjìká, níbi tí ọ̀pá ti kúrò ní kékeré tó di ńlá.

Ohun tó fà á ni pé awọ irin (ojú ìta rẹ̀) tó bá le máa ń wú díẹ̀. Ó fẹ́ gbòòrò, irin inú tó tutù kò gbà fún un, ni awọ bá wà ní ìhámọ́. Ìhámọ́ yẹn dára fún un, nítorí irin tí a há mọ́ kì í tètè sán. Ṣùgbọ́n irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààlà ló ń san gbèsè rẹ̀: òun ni wọ́n ń fà ya lọ́tùn-ún lósì. Nítorí náà, a ò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnì ẹ̀rọ. Ibi tí líle yóò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí yóò parí sí ni a ó kọ́kọ́ yanjú.

Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni a ó máa tọ̀ lẹ́yìn kí ọ̀rọ̀ lè rí ilẹ̀ tẹ̀: ṣáàfù tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 40 mm, irin 1045 (nọ́ńbà yìí ni orúkọ irú irin náà), tí ọ́ìlì síìlì, òrùka tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, máa ń jẹ lára níbi kan. A fẹ́ kí ojú ibẹ̀, ní gígùn 60 mm, le tó 55 HRC (ìwọ̀n líle tí ẹ̀rọ Rockwell ń kà), kí awọ líle náà sì jìn tó 2.5 mm lẹ́yìn tí a bá ti fi òkúta ìlọ̀ lọ̀ ọ́ tán. Ìyókù ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà bó ṣe wà.

Ohun tó yẹ kó wà nílẹ̀

- Ṣáàfù tí ẹ mọ orúkọ irin rẹ̀, pẹ̀lú ègé méjì tàbí mẹ́ta láti ara irin kan náà, tí ìbú wọn bá ti ṣáàfù dọ́gba. Ẹni tí kò ní ègé ìdánwò, ṣáàfù oníbàárà ló fẹ́ fi dánra wò.
- Ẹ̀rọ ìndọ́kṣọ́nì tí ẹ mọ iye kW rẹ̀ (agbára) àti iye kHz rẹ̀ (fíríkúẹ́ńsì, iye ẹgbẹ̀rún ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan). Fún iṣẹ́ tiwa, 50 kW àti nǹkan bíi 10 kHz dára.
- Kọ́ìlì tí a fi páìpù bàbà ṣe, tí omi ń gba inú rẹ̀ kọjá.
- Omi méjì tí kò gbọ́dọ̀ pàdé: èyí tó mọ́ fún inú kọ́ìlì, àti èyí tí a ó máa tú sára irin.
- Ohun tí yóò gbé ṣáàfù dúró lóòró láàárín orí òkè àti ìsàlẹ̀, tí yóò máa yí i, tí yóò sì máa gbé e kọjá nínú kọ́ìlì lórí ìwọ̀n eré tí ẹ bá yàn.
- Pólímà PAG (èyí tí a ń pò mọ́ omi ìtútù), àti refractometer tí a fi ń wo bó ṣe ki tó.
- Ààrò tó lè dúró sórí 180 °C láìyẹ̀.
- Fáìlì tó mú dáadáa, dáyà géèjì tí a fi ń mọ̀ bóyá ṣáàfù tẹ̀, ẹ̀rọ Rockwell, ẹ̀rọ ìgérin tí omi ń dà sí, sáńpépà oríṣiríṣi, àti ásíìdì náítíríkì díẹ̀ nínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, kó má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ẹ bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Kọ́ìlì kò mọ òrùka yàtọ̀ sí ṣáàfù. Irin tó bá sún mọ́ ọn ni yóò gbóná. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ amọ́kàn-ṣiṣẹ́ sí láyà kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí rárá. Bí ẹ bá tilẹ̀ ti pa ẹ̀rọ, iná ṣì lè wà nínú àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀, torí náà ẹni tí kò kọ́ iṣẹ́ iná kò gbọ́dọ̀ ṣí ìdérí rẹ̀. Ẹ má sì fi ọ́ìlì rọ́pò omi lábẹ́ kọ́ìlì tó wà ní gbangba: ọ́ìlì tó bá ta sí irin tó pọ́n, gbígbiná ni yóò gbiná.

Ìpele 1: Ẹ mọ irin tó wà lọ́wọ́ yín

Kábọ́ọ̀nù ló ń jẹ́ kí irin le. Irin 1018 tàbí 1020, tí kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 0.2 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, kò ní le dé ibi tí a ń lọ bó ti wù kí iná pọ̀ tó. 1045 ní láàárín 0.43 sí 0.50. 4140 ní 0.38 sí 0.43, ṣùgbọ́n króómíọ̀mù àti molybdenum wà nínú rẹ̀, èyí ló ń jẹ́ kó le wọ inú jìn ju 1045 lọ, òun náà ló sì ń mú kó rọrùn fún un láti sán bí omi bá tutù jù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú nìyí: wọ́n gba ṣáàfù, wọ́n wò ó pé ó wúwo, ó dán, wọ́n ní “irin dáadáa ni.” Dídán kì í ṣe kábọ́ọ̀nù. Bí kò bá sí ìwé tó sọ irú irin tó jẹ́, ẹ gé ègé tó tóbi tó ìka, ẹ mú un gbóná dé nǹkan bíi 870 °C, kí ẹ tì í bọ inú omi lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì máa rò ó nínú omi náà. Fi fáìlì kàn án lẹ́yìn náà.

Ohun kejì ni ipò tí irin wà kí ó tó dé ọwọ́ yín. Nínú ààrò, irin ní wákàtí láti pín kábọ́ọ̀nù rẹ̀ káàkiri ara. Nínú kọ́ìlì, ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ ló ní. Irin tí wọ́n ti mú pọ́n tí wọ́n sì tù lójijì, tí wọ́n sì ti tẹ́ńpà (tún mú gbóná níwọ̀nba kó má baà tètè sán) láti ilé iṣẹ́, ló ń tètè jẹ́ ìpè, nítorí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti fọ́n ká kíkúnná. Èyí tí wọ́n normalise (mú pọ́n nínú ààrò, kó tutù nínú afẹ́fẹ́ lásán) tẹ̀ lé e. Èyí tí wọ́n ti rọ̀ pátápátá kó lè rọrùn fún léèdì, kábọ́ọ̀nù rẹ̀ ti ṣù jọ, kò sì ní ráyè yọ́ tán. Ẹ ó mú un pọ́n títí, líle rẹ̀ á ṣì máa ṣe ségesège.

Bí irin bá wá láti ilé iṣẹ́ pẹ̀lú èépá dúdú lára, kábọ́ọ̀nù ti jó kúrò lójú awọ náà. Ẹ fi léèdì bó o, ó kéré tán mílímítà kan yíká, kí ẹ tó ronú kan kọ́ìlì.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* bí fáìlì bá yọ̀ lára ègé tí ẹ tì bọ omi, tí kò rí ibi jẹ, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́, ẹ dúró níbẹ̀. Irin mìíràn lẹ ń wá.

Ìpele 2: Ẹ fa ààlà kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan

Ẹ ya ṣáàfù náà sórí pépà, kí gbogbo èjìká, kíìwéè (kòtò gbọọrọ tí a gé sára ṣáàfù), ihò ọ́ìlì àti ojú ìdè rẹ̀ hàn. Lẹ́yìn náà ẹ bi ara yín pé níbo ni ẹrù ti ń tẹ̀ ẹ́ jù lọ. Ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ààlà. Mo mọ̀ pé èyí ni ìpele tí àwọn ènìyàn ń fò, torí kò sí iná nínú rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń tàn. Òun ló ń pinnu bóyá ṣáàfù yóò pẹ́ láyé.

Ọ̀rọ̀ èjìká. Ọ̀nà méjì péré ló wà. Bóyá kí líle gba ìdí èjìká kọjá, kó bo igun ibẹ̀ tán, kó sì gun ojú èjìká. Tàbí kó dúró jìnnà sí i. Ohun tí kò dára ni kó parí sínú igun náà gan-an. Igun ti kó agbára jọ tẹ́lẹ̀, ààlà tún gbé fífà tirẹ̀ wá, àwọn méjèèjì pàdé níbi tí irin ti kéré jù. Lórí ṣáàfù 40 mm wa, bí mi ò bá ní kọ́ìlì tó lè wọ igun, mi ò ní jẹ́ kí líle sún mọ́ ìdí èjìká ju 10 mm lọ. Bí ojú síìlì bá wà ní ìdí èjìká gan-an, ẹ wá kọ́ìlì tí wọ́n tẹ̀ fún igun, kí ẹ má fi kọ́ìlì gbọọrọ tan ara yín jẹ.

Kíìwéè: ẹ jẹ́ kí líle parí kó tó dé orí rẹ̀. Etí kíìwéè mú, iná á kó jọ síbẹ̀, ibẹ̀ á gbóná ju àwọn yòókù lọ, ibẹ̀ náà ni kíráàkì yóò sì ti ṣẹ́yọ. Bí kò bá sí bí ẹ ṣe lè yà fún un, ẹ pa gbogbo etí rẹ̀ kó má mú mọ́, kí ẹ sì gé awọ líle náà kúrú sí i. Ihò ọ́ìlì ẹ̀wẹ̀, ẹ pa etí rẹ̀ dáadáa, kí ẹ fi irin tàbí bàbà dí i pinpin kí iná lè gba orí rẹ̀ kọjá bí ẹni pé kò sí ihò níbẹ̀. Ojú ìdè tó ní téèdì, ẹ má fi iná kàn án rárá.

Bí ibi tí ẹ fẹ́ kó le bá parí sí orí ṣáàfù, ẹ dúró ní nǹkan bíi 5 mm kó tó kan etí. Igun ìta kì í rí ibi tí ooru rẹ̀ yóò gbà lọ. Yóò yọ́ kí àárín tó pọ́n.

Jíjìn awọ: a fẹ́ 2.5 mm lẹ́yìn lílọ̀, a ó sì lọ̀ ọ́ ní 0.25 mm yíká, torí náà 2.75 sí 3 mm ni a ń lé. Ẹ má ṣe rò pé bó bá ṣe jìn tó ló ṣe dára tó. Awọ tó bá nípọn jù kò fi irin tó pọ̀ sílẹ̀ nínú láti há a mọ́, ẹ sì ti sọ èrè ìhámọ́ tí mo wí lẹ́ẹ̀kan nù.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ fi máàkà fa ààlà méjèèjì sára ṣáàfù fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbé géèjì lé e. Kò gbọ́dọ̀ sí èjìká, ihò tàbí kíìwéè tí ààlà kan bọ́ sí.

Ìpele 3: Fíríkúẹ́ńsì àti kọ́ìlì

Iná mànàmáná tí kọ́ìlì ń dá sílẹ̀ kì í wọ inú irin jìnnà. Orí awọ ló ń sá kiri. Bí fíríkúẹ́ńsì bá ṣe ga tó ni yóò ṣe rọ̀ mọ́ awọ tó. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ wá square root iye Hz ẹ̀rọ yín, kí ẹ fi pín 500. Ohun tó bá jáde ni iye mílímítà tí iná ń wọ inú irin tó ti pọ́n. 10 kHz jẹ́ 10,000 Hz, square root rẹ̀ jẹ́ 100, torí náà 5 mm ni. 200 kHz á fún yín ní nǹkan bíi 1.1 mm. 1 kHz á wọ inú tó 16 mm.

Awọ líle tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì iye yẹn ló máa ń rọrùn jù láti rí. Ìdí rèé tí 10 kHz fi bá iṣẹ́ wa mu. Ẹni tó bá ní ẹ̀rọ 200 kHz lè ṣe 1 mm ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ 2.75 mm, àfi kó fi sùúrù dín agbára kù kí ooru lè rìn wọ inú fúnra rẹ̀. Bó bá kánjú, ojú awọ á gbóná kọjá ààlà kí inú tó pọ́n, hóró irin á wú, ṣáàfù á sì di ẹlẹgẹ́.

Kọ́ìlì tiwa jẹ́ òrùka kan tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 20 mm. Àlàfo àárín rẹ̀ àti ṣáàfù jẹ́ 2.5 mm yíká, ìyẹn ni pé ihò kọ́ìlì jẹ́ 45 mm. Bí àlàfo bá fẹ̀ jù, agbára á máa ṣòfò. Bó bá há jù, ṣáàfù tó tẹ̀ díẹ̀ á fara kan kọ́ìlì, iná á sì ta pàà.

Fún irú awọ yìí ní 10 kHz, 1 sí 2 kW lórí sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́rin kọ̀ọ̀kan ni a máa ń lò. Ara ṣáàfù tó wà lábẹ́ kọ́ìlì wa tó 25 irú sẹ̀ǹtímítà bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ nílò 25 sí 50 kW. Bí ẹ̀rọ yín kò bá jù 15 kW lọ, ẹ lo kọ́ìlì tó tín-ín-rín sí i. Ẹ má fi àkókò gígùn dí àìtó agbára. Ìgbóná tó bá ń falẹ̀ yóò wọ inú lọ, gbogbo ọ̀pá á gbóná, omi kò sì ní lè tu ú lára bó ṣe yẹ mọ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* láìtan iná, ẹ fi ọwọ́ gbé ṣáàfù láti òkè dé ìsàlẹ̀ nínú kọ́ìlì bó ti ń yí. Kó má kan ibì kankan, kí àlàfo sì dọ́gba yíká. Omi inú kọ́ìlì gbọ́dọ̀ máa jáde kíkan kí bọ́tìnì tó lè ṣiṣẹ́.

Ìpele 4: Ẹ tún ara ṣáàfù ṣe

Ẹ fọ gírísì kúrò, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ fi dáyà géèjì wọn bó ṣe tọ́ tó, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, torí ẹni tí kò bá mọ bó ṣe tọ́ tẹ́lẹ̀ kò ní mọ̀ bóyá iná ló tẹ̀ ẹ́. Ìwọ̀n ìbú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ju ti ìgbẹ̀yìn lọ ní 0.5 mm. Ó tán.

Ìpele 5: Iná láìsí omi, lórí ègé ìdánwò

Omi kì í jẹ́ kéèyàn rí ohun tí iná ń ṣe. Torí náà ẹ kọ́kọ́ pa omi títú, ẹ gbé ègé ìdánwò wọlé, ẹ jẹ́ kó máa yí ní nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ ní 25 kW, kí ó máa rìn ní 8 mm láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kọ́ìlì 20 mm lórí eré yẹn túmọ̀ sí pé ojú kan ń gba iná fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì ààbọ̀. Fún 1045, 880 sí 920 °C ni a ń lé. Èyí ga ju ti inú ààrò lọ, nítorí àkókò kò tó.

Ẹ fi ẹ̀rọ ìwọn-ooru tí kì í fara kan irin wò ó. Bí ẹ ò bá ní in, mágínẹ́ẹ̀tì lè ràn yín lọ́wọ́ dé àyè kan: ní nǹkan bíi 770 °C ni irin kì í fà mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì mọ́, ẹ sì ṣì ní láti kọjá ibẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pa iná kí mágínẹ́ẹ̀tì tó sún mọ́ ọn. Àwọ̀ nìkan kò tó ẹ̀rí: irin tó dà bí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ oòrùn lè jẹ́ 900 °C, èyí tó ní irú àwọ̀ yẹn nínú òkùnkùn kò sì ní tó 700. Bí ẹ bá máa fojú wò ó, kí ìmọ́lẹ̀ yàrá yín má yí padà láti ìdánwò dé iṣẹ́ gangan.

Ibi tó máa ń yẹ̀ jù ni ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́ìlì tó ń rìn máa ń gbé ooru síwájú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tó ti bẹ̀rẹ̀, irin tútù ló bá. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lójú ẹsẹ̀, mílímítà bíi mélòó kan àkọ́kọ́ á rọ̀. Ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú-àáyá kan sí méjì kí ẹ tó gbéra. Bí ẹ bá wá ń dé ìparí, ẹ dín agbára kù díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, ẹ má pa á pì. Ààlà tó ń yọ̀ lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kì í fa irin ya bí ààlà tó gé gbáú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* àwọ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba yíká, láìsí ìlà tó ń lọ́ mọ́ ọn. Bí ìlà bá ń lọ́ yí ṣáàfù ká, yíyí rẹ̀ kò yá tó bí ó ṣe ń rìn.

Ìpele 6: Omi

Òrùka omi ni èyí tó wà lábẹ́ kọ́ìlì, tó ń tú omi sára irin. Ẹ dárí gbogbo ihò rẹ̀ sísàlẹ̀, kí wọ́n dagun tó ìwọ̀n 30 sí 45, kí omi má baà ta padà sínú kọ́ìlì. Omi tó bá kan ibi tó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ á fi àbàwọ́n rírọ̀ síbẹ̀, irú èyí tí ẹ ò ní rí títí ẹ ó fi lọ̀ ọ́. Àlàfo láti kọ́ìlì sí ibi tí omi ti kọ́kọ́ kan irin: nǹkan bíi 25 sí 30 mm. Bó bá jìnnà jù, irin á ti tutù kọjá ibi tó ti lè le kí omi tó bá a.

Omi lásán lè bá 1045 tó rí gbọọrọ, tí kò ní ihò, ṣiṣẹ́. Lórí 4140, tàbí lórí ohunkóhun tó ní igun àti ihò, èmi kì í lo omi lásán. Pólímà PAG tó ki tó 6 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni mo máa ń lò. Ó ń fi awọ tẹ́ẹ́rẹ́ bo irin, kí ooru lè jáde láìṣe kánmọ́kánmọ́. Ẹ máa wo ooru inú táńkì: bó bá ti kọjá nǹkan bíi 40 °C, ẹ dúró kó tutù. PAG máa ń já kúrò lára omi bó bá gbóná jù, ohun tó sì ń kan irin á máa yí padà láti ṣáàfù kan sí èkejì.

Ìtútù gbọ́dọ̀ máa lọ títí kọ́ìlì fi parí ìrìn rẹ̀ àti fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá pa omi pẹ̀lú iná lẹ́ẹ̀kan náà, ooru inú ọ̀pá á padà jáde sí awọ, á sì rọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ le.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* tan omi nìkan, wo bó ṣe ń bo ṣáàfù. Kò gbọ́dọ̀ sí ihò tó dí. Ihò kan tó dí lórí ṣáàfù tí kò yí dáadáa ti tó láti ba iṣẹ́ jẹ́.

Ìpele 7: Ẹ gé ègé ìdánwò, kí ẹ kà á

Ẹ fi iná ìpele 5 àti omi ìpele 6 pa pọ̀ ṣe ègé ìdánwò kan. Fáìlì tó yọ̀ kò sọ bí líle ṣe jìn tó. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgérin olómi gé ègé náà sí méjì ní àárín, kí ẹ sì tún gé ọ̀kan ní òòró gba ibi ààlà. Bí kò bá sí omi nígbà tí ẹ ń gé e, iná ìgé á rọ̀ ọ́, ẹ ó sì ka irọ́. Ẹ fi sáńpépà fọ ojú rẹ̀ láti orí èyí tó rí gbákugbàku dórí 600, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wá fi òwú tó mu ásíìdì náítíríkì inú ẹ́tánọ́ọ̀lù nù ún. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti gíláàsì, kí ojú fèrèsé sì ṣí. Ásíìdì ni kí ẹ máa dà díẹ̀díẹ̀ sínú ẹ́tánọ́ọ̀lù, ìwọ̀nba tí ẹ máa lò lọ́jọ́ náà, ẹ má sì tọ́jú àdàlù náà sínú ìgò tí ẹ dé pa.

Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, òrùka kan á yọ lójú irin náà, tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti inú. Awọ líle yín nìyẹn. Ẹ fi géèjì wọn bó ṣe nípọn. Kó dọ́gba yíká: bí ẹ̀gbẹ́ kan bá jẹ́ 3.2 mm tí èkejì sì jẹ́ 2 mm, ṣáàfù kò sí láàárín kọ́ìlì. Lórí èyí tí ẹ gé lóòró, ẹ wo bí òrùka náà ṣe parí. Ó yẹ kó máa tín-ín-rín lọ.

Fún irin tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ tó ti 1045, ibi tí líle bá já sí 45 HRC ni a máa ń kà sí ìparí awọ. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wọn líle ní ojú kékeré, ẹ máa wọn ọ́n láti etí lọ sí inú. Ojú awọ fúnra rẹ̀ yẹ kó wà láàárín 55 sí 60 HRC kí a tó tẹ́ńpà.

Bí awọ bá fẹ́lẹ́, ẹ dín eré kù díẹ̀ kí ẹ tó fi agbára kún un. Bó bá nípọn jù, ẹ yára sí i. Ohun kan ni kí ẹ yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí eré, agbára àti omi pa pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣe é.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ègé méjì tí ẹ ṣe tẹ̀ léra, lórí ètò kan náà, gbọ́dọ̀ fún yín ní iye tó súnmọ́ra. Ègé kan tó dára lè jẹ́ oríire lásán.

Ìpele 8: Ṣáàfù gangan, lẹ́yìn náà tẹ́ńpà lójú ẹsẹ̀

Ètò tó bá ti jáwé olúborí lórí ègé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ má sì yí nǹkan kan padà. Bí ẹ ti ń gbé ṣáàfù jáde ni kí ẹ nù ún, kí ẹ kó o sínú ààrò ní 180 °C. Ẹ jẹ́ kó lo wákàtí kan sí méjì níbẹ̀ lẹ́yìn tí gbogbo ara rẹ̀ bá ti gbóná dé ìwọ̀n yẹn.

Ìṣòro tó wọ́pọ̀: “Ó di ọ̀la ká tó tẹ́ńpà.” Awọ tí a kò tíì tẹ́ńpà dà bí gíláàsì tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó lè dùbúlẹ̀ sórí tábìlì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, kó sì sán lóru, pàápàá 4140. Kí wákàtí kan tó kọjá ni kó ti wọ ààrò. Tẹ́ńpà ní 180 °C kì í mú ju ìwọ̀n HRC díẹ̀ kúrò. Àǹfààní tó ń fúnni ju ohun tó ń gbà lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* ẹ wọn líle ní ibi mẹ́ta yíká àti ní etí méjèèjì. Ara tó rí roboto máa ń jẹ́ kí ẹ̀rọ Rockwell ka iye tó kéré sí òtítọ́; ẹ lo àtẹ àtúnṣe tó bá ẹ̀rọ yín wá. Ẹ gbé dáyà géèjì lé e, kí ẹ fi wé èyí tí ẹ kọ ní ìpele 4.

Ìpele 9: Títọ́ àti lílọ̀

Bí ṣáàfù bá tẹ̀ díẹ̀ tí lílọ̀ lè gbé e, ẹ fi sílẹ̀ fún lílọ̀. Bó bá pọ̀ ju ìyẹn lọ, ibi tó rọ̀ ni kí ẹ ti tọ́ ọ, ẹ má fi púrẹ́ẹ̀sì tẹ ibi tó le. Tí ṣáàfù bá sì ń tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà nígbà gbogbo, kọ́ìlì tàbí òrùka omi ni kí ẹ yẹ̀ wò, kì í ṣe irin.

Nígbà lílọ̀, ẹ máa gé e díẹ̀díẹ̀, kí omi pọ̀. Òkúta ìlọ̀ tó kú, tó ń ra irin dípò kó gé e, lè jó awọ náà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kí iṣẹ́ gbogbo ìpele tó ṣáájú sì ṣòfò. Àmì rẹ̀ ni àwọ̀ búráùn tàbí búlúù. Bí ẹ bá nu àwọ̀ náà kúrò, jíjó tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò lọ.

Lẹ́yìn lílọ̀, ẹ fi ọ̀dà tó ń wọ kíráàkì tàbí lúùlù mágínẹ́ẹ̀tì wo gbogbo ojú ibi tó le àti nǹkan bíi 20 mm kọjá ààlà. Kíráàkì tó bá tò sí ìlà kan náà ní òòró sábà máa ń wá láti ọwọ́ omi. Èyí tó bá dà bí àwọ̀n tíntìntín, iṣẹ́ òkúta ìlọ̀ ni. Èyí tó bá sì ti etí ihò tàbí kíìwéè jáde, ìpele 2 ni kí ẹ padà sí.

Bó bá jẹ́ pé ibì kan rọ̀ ni, láìsí kíráàkì, ẹ má ṣe tún tan iná lé e lórí bẹ́ẹ̀. Awọ tó ti le lẹ́ẹ̀kan, tó tún gba iná àti omi lójijì, ló máa ń sán jù. Ẹ kọ́kọ́ normalise gbogbo ṣáàfù náà nínú ààrò, ní nǹkan bíi 870 °C, kó tutù nínú afẹ́fẹ́ lásán. Lẹ́yìn náà ẹ wọn bó ṣe tọ́ tó, ẹ wo bóyá ìbú rẹ̀ ṣì tó láti bó èépá kúrò kí ó sì ku ti lílọ̀. Bí kò bá tó mọ́, ṣáàfù tuntun ni.